Nǹkan Oṣù Obìnrin Tí Ó Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Oògùn Olóró

(Ọ̀rọ̀ tí agbẹ̀bí àgbà kan, ọmọ ẹgbẹ́ wa, sọ níwájú àwọn ìyá àti àwọn ọ̀dọ́bìnrin ẹgbẹ́ ní Aláúsá, Ìkẹjà)

  

Nígbà tí akọ̀wé kọ ìwé sí mi pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìlera, ó fi ààyè sílẹ̀ fún mi láti yan orí ọ̀rọ̀ tí ó bá wù mí. Èyí ni mo yàn. Mo sì gbọ́ pé àwọn àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ bèèrè pé, ṣé ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù ni ó yẹ kí á máa sọ ní gbangba, kí á sì tún tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọdọọdún tí tọmọdé tàgbà yóò kà? N kò bá wọn jà. Ní ìgbà èwe tiwa, ìyá a máa pe ọmọ rẹ̀ obìnrin wọ inú yàrá ni kí ó tó sọ ọ́ fún un, ohùn rẹ̀ a sì lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kì í fi ara pamọ́ sínú yàrá. Ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ni wọ́n ti ń tà á, àti ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́, ní ọ̀sán gangan, láti Agége títí dé Oregun. Bí títà rẹ̀ kò bá ti ojú ẹnikẹ́ni, kí ni ó dé tí sísọ ibi tí ó ń ṣe yóò fi tì wá lójú?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú oògùn tí mo ní lọ́kàn, nítorí oríṣi oògùn olóró pọ̀, n kò sì sọ̀rọ̀ nípa igbó tàbí kokéènì lónìí. Àwọn tí mo ń wí ni ìdílé òpíọ̀mù: mọfíìnì, kódíìnì, hẹróìnì, tíràmádọ̀ọ̀lù, àti àwọn àbúrò wọn. Òpíọ̀mù fúnra rẹ̀ jẹ́ oje òdòdó kan tí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Inú oje yìí ni àwọn òyìnbó ti yọ mọfíìnì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, inú rẹ̀ náà sì ni ará Faransé kan, Pierre Robiquet, ti yọ kódíìnì ní 1832. Ní ti tíràmádọ̀ọ̀lù, àwọn ará Jámánì ni wọ́n ṣe é ní 1962. Wọn kò fi òdòdó kankan ṣe é, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni ó ń lọ kàn nínú ọpọlọ. Oògùn gidi ni wọ́n o. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tàbí ẹni tí jẹjẹrẹ ń dà láàmú, oògùn tí ó lè tù ú lára bí mọfíìnì kò pọ̀. Èmi fúnra mi ti fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ wọn ní àìmọye ìgbà, lábẹ́ àṣẹ dókítà. Ìwọ̀n àti àṣẹ ni ó ya oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára májèlé níhìn-ín.

Kí n tó gbàgbé, ẹ máa gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé tíràmádọ̀ọ̀lù wà nínú igi ẹgbẹ̀sì wa. Òótọ́ ni pé ní 2013 àwọn onímọ̀ kan kéde pé àwọn rí i nínú gbòǹgbò ẹgbẹ̀sì tí wọ́n wú ní Kamẹrúùnù. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí i. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn mìíràn lọ yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n sì rí i pé àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé tíràmádọ̀ọ̀lù mì, tí wọ́n sì ń fún màlúù wọn náà. Ìtọ̀ ni ó ń gbé e wọ inú ilẹ̀, gbòǹgbò igi sì ń fà á mu. Ẹ wo bí oògùn ti gbilẹ̀ tó, tí igi inú igbó náà fi ń bá wọn mu ún!

Ní tiwa ńkọ́? Ìwádìí ńlá kan wà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ jọ gbé jáde nípa ọdún 2018. Nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64, wọ́n ní mílíọ̀nù 14.3 ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, mílíọ̀nù 4.6 nínú wọn sì lo oògùn ìdílé òpíọ̀mù láìjẹ́ pé dókítà ni ó pàṣẹ rẹ̀. Nínú ẹni 4 tí ó ń lo oògùn olóró, 1 jẹ́ obìnrin. Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó ga jù lọ, 33 nínú 100. Bí a bá sì mú ti omi ikọ́ oníkódíìnì nìkan, àwọn obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn ọkùnrin dọ́gba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2018 náà ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe omi ikọ́ yìí àti kíkó o wọlé. NAFDAC pẹ̀lú kò fi ọwọ́ sí tíràmádọ̀ọ̀lù tí ó ju mìlígíráàmù 100 lọ, ṣùgbọ́n 225 ni àwọn ọmọ wa ń bèèrè fún lójú pópó, bí ẹni ń bèèrè nọ́ńbà ọkọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ìròyìn BBC tún fi hàn bí iléeṣẹ́ kan ní Íńdíà ti ń kó oògùn mìíràn ránṣẹ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí wọ́n fi tapentadol àti carisoprodol pò pọ̀. Ìjọba Íńdíà sì fi òfin de é ní oṣù náà. Bí a ti ń dí ihò kan ni òmíràn ń là.

Nísinsìnyí, báwo ni obìnrin ṣe ń dé ìdí rẹ̀? Àwọn ọkùnrin máa ń sọ pé agbára ni àwọn ń wá. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè iléeṣẹ́ wa yìí yóò mọ̀ pé obìnrin náà ń wá agbára. Ẹni tí ó bá dúró fún wákàtí 12 nídìí ẹ̀rọ, tí ó ṣe iṣẹ́ alẹ́, tí ó tún dé ilé bá ọmọ tí yóò wẹ̀ fún, ẹ̀yìn yóò dùn ún, ẹsẹ̀ yóò dùn ún. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí a kì í sọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó jẹ́ pé inú rírun ní ìgbà nǹkan oṣù ni ó kọ́kọ́ gbé wọn dé iwájú kẹ́mísì. Oníkẹ́mísì tí kò kọ́ iṣẹ́ apòògùn yóò fún un ní kóró méjì nínú bébà, kò ní sọ orúkọ rẹ̀. Ìrora náà a lọ bí ẹni pé a fi ọwọ́ nù ún. Ní oṣù kejì, yóò padà wá. Ní oṣù kẹrin, kò ní dúró de nǹkan oṣù mọ́ kí ó tó lò ó.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ mi gan-an ti bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ibi kékeré kan wà tí ó ń ṣe iṣẹ́ onílù. Kì í sinmi, kì í sì yára jù. Ní ìdajì àkọ́kọ́ oṣù obìnrin, ó ń lu ìlù rẹ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ̀yà ara kékeré mìíràn tí ó so mọ́ abẹ́ rẹ̀ ń gbọ́ ìlù náà, ó sì ń rán ìránṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibi tí ẹyin obìnrin ń gbé. Àwọn ìránṣẹ́ yìí ni àwọn dókítà ń pè ní họ́mónù. Nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀, ẹyin kan a gbó, ilé ọmọ a sì tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ dè é. Bí ẹyin náà kò bá di oyún, ibùsùn a ká, a sì jáde. Òun ni nǹkan oṣù, tí àwọn ìyá wa àtijọ́ ń pè ní àṣẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò tó kí ìlù ṣáà máa dún. Ó gbọ́dọ̀ dún ní ìwọ̀n tí a mọ̀ ọ́n mọ́.

Oògùn ìdílé òpíọ̀mù a máa di onílù yìí lọ́wọ́ mú. Ìlù a máa dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ó dákẹ́. Ìránṣẹ́ kò lọ, ẹyin kò gbó, ibùsùn kò tẹ́. Nǹkan oṣù ẹlòmíràn a máa yẹ̀, kí ó wá ní oṣù yìí, kí ó fo oṣù méjì; ti ẹlòmíràn a lọ pátápátá. Oògùn náà tún lè mú kí họ́mónù tí ó ń pèsè omi ọmú pọ̀ sí i, tí omi yóò fi máa yọ ní ọmú ẹni tí kò bímọ. N kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó ń lò ó ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn kan wà tí nǹkan oṣù wọn kò yí padà. Ebi, rírù, ìdààmú ọkàn àti sìgá pẹ̀lú a máa dá kún un, nítorí ẹni tí ó ń gbé tíràmádọ̀ọ̀lù mì kì í sábà rántí oúnjẹ.

Ẹ wá wo ẹ̀tàn tí ó wà nínú rẹ̀. Obìnrin tí ó tìtorí inú rírun bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn yóò rí i pé nígbà tí ó ṣe, inú kò run òun mọ́ rárá. Yóò máa yin oògùn náà. Kò mọ̀ pé oògùn kò wo ìrora náà sàn. Nǹkan oṣù gan-an ni ó lé lọ, ìrora sì bá a lọ.

Ohun tí àwọn ará ilé máa ń rò nígbà náà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó ilé, wọn a kọ́kọ́ ní oyún ni. Bí oṣù bá gorí oṣù tí ikùn kò ga, wọn a ní wọ́n ti so ó, tàbí pé ọ̀tá ti fi nǹkan oṣù rẹ̀ ṣe oògùn. Bí ó bá ti lé ní ogójì ọdún, wọn a ní àgbà ti dé. Mo mọ ọmọbìnrin kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní sọ ìlú rẹ̀. Iléeṣẹ́ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lọ́kọ, kò tíì bímọ. Odidi oṣù 7 ni kò rí nǹkan oṣù. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sí ibi mẹ́ta. Ní ibi kan wọ́n ní kí ó gbààwẹ̀, ní òmíràn wọ́n fún un ní àgbo, ní ẹ̀kẹta wọ́n gba owó ewúrẹ́. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú gbogbo wọn tí ó bi í pé, “Ọmọ mi, kí ni o ń gbé mì?” Òun náà kò sì sọ, nítorí kò mọ̀ pé ọ̀kan kan èkejì.

Nígbà tí àṣírí tú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tì í mọ́ inú yàrá fún ọjọ́ mẹ́wàá kí ó lè jáwọ́. Ẹ̀gbọ́n náà rò pé ìfẹ́ ni òun fi ń ṣe é, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè pa á. Tíràmádọ̀ọ̀lù a máa fa gìrì nígbà tí a bá ń lò ó, pàápàá bí ó bá pọ̀ jù, ẹni tí ó sì bá dá a dúró lójijì lè dàrú ní ọkàn títí dé ibi pé yóò máa rí ohun tí kò sí. Ọmọ náà là á já. Ní ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ dé. Inú run ún débi tí ó fi ń yí nílẹ̀. Ó rò pé oògùn náà ni ó ń gbẹ̀san, tàbí pé ilé ọmọ òun ti jẹrà. Kò rí ẹni tí yóò sọ fún un pé ara rẹ̀ ni ó ń padà bọ̀ sípò. Ó padà sí kẹ́mísì tí ó ti kọ́kọ́ lọ.

Nítorí irú ọmọ báyìí ni mo ṣe yan orí ọ̀rọ̀ yìí. Jíjáwọ́ nínú oògùn ní àwọn ìpele, ó sì yẹ kí obìnrin mọ̀ wọ́n kí ó tó dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ara yóò máa bèèrè oògùn. Yóò máa yán, imú àti ojú yóò máa ṣomi, ara yóò máa gbóná kí ó tún máa tutù, òógùn yóò máa bò ó, inú yóò máa ṣí, oorun kò ní wá. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, èyí tí ó le jù nínú rẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsùn àti ìrẹ̀wẹ̀sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tí ó ti lé ní ogójì lè ṣi ooru àti òógùn yìí mú fún ti ìgbà tí nǹkan oṣù ń dá. Kí ó má ṣe dá ara rẹ̀ ní ẹjọ́. Kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn èyí ni onílù yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọ̀pá rẹ̀. Nǹkan oṣù sábà máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀. Kì í padà lọ́nà tí ó gún régé. Àkọ́kọ́ lè jẹ́ ìkán lásán, èkejì lè pọ̀ ju bí a ti mọ̀ ọ́n sí, ẹ̀kẹta lè pẹ́ kí ó tó dé. Ìlù tí ó ti dákẹ́ fún ọdún kan kò lè bọ́ sí orin ní ọjọ́ kan. Ìrora a sì máa bá a wá, fún ìdí méjì. Èkíní ni pé inú tí ń run ún tẹ́lẹ̀ rí ti padà. Èkejì ni pé ẹni tí ó ti pẹ́ lórí oògùn apàrora wọ̀nyí, ara rẹ̀ a máa gbọ́ ìrora ju ti ẹlòmíràn lọ fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń ṣe àṣejù. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ fún un pé, “Ṣé ìwọ nìkan ni obìnrin?”

Ìrora yìí ní oògùn tí kì í sọ ènìyàn di ẹrú. Ibuprofen máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí rẹ̀, nítorí ó ń dín ohun tí ó ń mú kí ilé ọmọ máa fún ara rẹ̀ pọ̀ kù. Ṣùgbọ́n kí ó jẹun kí ó tó lò ó, ẹni tí ó sì ní ọgbẹ́ inú tàbí tí ó lè ti lóyún kò gbọ́dọ̀ lò ó láì bèèrè. Paracetamol wà pẹ̀lú. Ìgò omi gbígbóná tí a fi aṣọ wé, tí a gbé lé ìsàlẹ̀ ikùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó lásán. Àwọn dókítà náà gbà pé ó ń ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya tí ó fi ń rẹ páàdì kan gbindin láàárín wákàtí kan, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan, ilé ìwòsàn ni ibẹ̀ kàn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ tẹ̀lé e yìí ni àwọn ìyá kan ní kí n fo. N kò ní fò ó. Ẹyin a máa gbó kí nǹkan oṣù tó jáde. Ìyẹn ni pé obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ lè lóyún kí ó tó rí ẹ̀jẹ̀ kankan rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbà lọ́kàn pé àwọn ti yàgàn, nítorí náà wọn kì í ṣọ́ra. Àwọn ìyá tí mo wí bẹ̀rù pé bí a bá ń sọ irú èyí fún àwọn ọ̀dọ́, a ń kọ́ wọn ní ìṣekúṣe. Èrò tèmi ni pé oyún tí a kò retí, lára ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú láti dìde, lè tì í ṣubú padà. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ ọmọ, kí ó mọ̀ pé ọ̀nà ti ń ṣí. Ẹni tí kò bá tíì fẹ́ ẹ, kí ó lọ sí ibi ìfètò sọ́mọ bíbí ní ọ̀sẹ̀ tí ó jáwọ́ gan-an. Kí ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò bá sì tíì wá ṣe àyẹ̀wò oyún kí ó tó lo ohunkóhun.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé oyún wà, tí obìnrin náà ṣì wà lórí oògùn, kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Ìdààmú tí yóò bá ara rẹ̀ lè kó bá ọmọ inú. Dókítà ni yóò ṣètò rẹ̀. Ọmọ tí a bí ní irú ipò bẹ́ẹ̀ lè máa gbọ̀n, kí ó máa sunkún láìdákẹ́, kí ó má lè mu ọmú. Ìtọ́jú wà fún un, ṣùgbọ́n kí agbẹ̀bí ti mọ̀ ṣáájú. Ẹ má ṣe fi pamọ́ fún wa.

Ohun kan tún wà tí ó ń pa ènìyàn. Ẹni tí ó ti jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ kò lè gba ìwọ̀n tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ìrora oṣù bá lé e padà, tí ó sì gbé iye kóró àtijọ́ mì, èémí rẹ̀ lè máa lọ sílẹ̀ títí yóò fi dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọ̀rọ̀ inú rírun kò tó ohun tí à ń pe ìpàdé sí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbé èyí yẹ̀ wò.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwà burúkú ni ó fa ìyípadà nínú nǹkan oṣù yìí. Ní 1965, ní New York, dókítà Vincent Dole àti dókítà obìnrin kan, Marie Nyswander, kọ ìwé nípa bí wọ́n ti ń fi oògùn kan tí ń jẹ́ mẹ́tádònì tọ́jú àwọn tí hẹróìnì ti di bárakú fún. Ní àwọn ọdún 1970 sí 1979, àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ń lo hẹróìnì ni kì í rí nǹkan oṣù, àti pé ti ọ̀pọ̀ nínú wọn padà nígbà tí wọ́n wà lábẹ́ ìtọ́jú, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n sì ń sùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ní 2008, ìwádìí kan jáde níbẹ̀ nípa àwọn obìnrin tí kò ṣe nǹkan kan ju pé wọ́n ń lo oògùn apàrora ìdílé òpíọ̀mù tí dókítà fúnra rẹ̀ kọ fún wọn. Nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ nínú àwọn náà dúró láìpẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ara kò mọ̀ bóyá ọwọ́ dókítà tàbí ọwọ́ ẹni ibùdókọ̀ ni oògùn ti wá.

Bí nǹkan oṣù bá ti pẹ́ tí ó ti lọ, ọ̀rọ̀ eegun náà wà níbẹ̀. Họ́mónù obìnrin tí ó dínkù yìí ni ó ń bá wa ṣọ́ eegun. Bí ó bá dínkù fún ọdún pípẹ́, eegun a máa fúyẹ́, a sì máa tètè ṣẹ́. Oúnjẹ tí ó ní agbára, ẹja kéékèèké tí à ń jẹ teegun-teegun, wàrà, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dára fún ẹni tí ó ń padà bọ̀ sípò, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ń dà lára rẹ̀.

Ibo ni kí á gbé wọn lọ? Àwa ará Aláúsá kò jìnnà sí ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn ńlá ti Ìkẹjà, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1955 gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn kékeré, tí ó di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2001, kò ju ìrìn díẹ̀ lọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá, tí ó ti wà láti 1907, ní ẹ̀ka ní Òṣòdì. Aró sì wà ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954 sí fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àárín ìletò, tí ìdílé wọn ń bá wọn gbé títí ara wọn fi yá. Mo fẹ́ràn ètò yẹn, nítorí kò ya aláìsàn kúrò láàárín ènìyàn. NDLEA, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1989, ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ láti 2022, tọ̀sán tòru, fún ẹni tí ó bá ń wá ìmọ̀ràn àti ìtọ́jú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù orúkọ náà. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù, kí ó gba ọ̀nà ilé ìwòsàn. Níbi yòówù tí ẹ bá lọ, kí ọmọ náà sọ fún dókítà pé òun kò rí nǹkan oṣù, nítorí ọ̀pọ̀ dókítà ọkùnrin kì í bèèrè.

Alága, ìmọ̀ràn kan wà níwájú ìgbìmọ̀ pé kí á yọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá ń lo oògùn kúrò nínú ìwé, kí á sì kọ ìwé sí ilé. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tí wọ́n mú un wá. Ojú wọn ti rí. Ṣùgbọ́n bí a bá lé obìnrin báyìí jáde láàárín wa, ta ni yóò kù tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ keje, nígbà tí inú bá ń run ún? Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni kí á yan ìyá méjì ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ẹnu wọn kò fẹ́rẹ̀, tí ọmọdé lè lọ bá ní òru. Owó tí a fẹ́ fi kọ ìwé sí ilé yẹn, ẹ jẹ́ kí á fi ra páàdì, ìgò omi gbígbóná, kí á sì fi san owó ọkọ̀ ẹni tí yóò bá wọn dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ọkọ pẹ̀lú, ẹ fi ara balẹ̀ fún aya yín ní àwọn oṣù yẹn. Kí ẹ má ṣe máa bèèrè ní ọ̀sẹ̀ kejì pé ọmọ dà.

Ó ku ohun kan, kò sì ná ẹnikẹ́ni lówó. Kàlẹ́ńdà ọdún tuntun ti ẹgbẹ́ wa ti dé, akápò ní i lọ́wọ́ níbi tábìlì ẹ̀yìn. Kí obìnrin tí ó bá ti jáwọ́ mú ọ̀kan, kí ó kọ́ ọ sí ibi tí ojú rẹ̀ ń tó. Ní ọjọ́ tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀, kí ó fi bírò kán àmì kékeré kan sí ọjọ́ náà, kí ó sì kán òmíràn sí ọjọ́ tí ó bá dá. Bí àmì kan sí èkejì bá ń bọ́ sí àárín ọjọ́ 21 sí 35, ìlù ti ń bọ̀ sípò. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò sí àmì kankan, tí àyẹ̀wò sì ní kò sí oyún, kí ó ká kàlẹ́ńdà náà, kí ó mú un lọ bá dókítà. Yóò wúlò fún dókítà náà ju ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n bá ní ìbéèrè tí wọn kò fẹ́ bèèrè níhìn-ín, mo wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.